Ta Ló Ní Oúnjẹ Alẹ́ Gbọ́dọ̀ Pẹ́ Lórí Iná?

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè tètè bẹ̀rẹ̀. Edé tútù tí ẹ sè mọ́ ọbẹ̀ fún odidi wákàtí kan, ẹ kò sè é, ẹ fìyà jẹ ẹ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó pẹ́ tán ìṣẹ́jú mẹ́fà, ni edé nílò lórí iná. Obìnrin tó bá sì yan edé fún ará ilé rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú, tó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì, tó wá lọ na ẹ̀yìn rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọlọ́gbọ́n ni. Ọkọ tó bá sì yan án sílẹ̀ kí ìyàwó tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un láti ibi tí mo jókòó sí yìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú. Wọ́n ní oúnjẹ tí kò bá pẹ́ lórí iná, oúnjẹ jákujàku ni. Wọ́n ní obìnrin tí kò bá rí ìdààmú kí ọbẹ̀ rẹ̀ tó jinná, kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Èrò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà lónìí, nítorí òun ló ń ba edé jẹ́ nínú ìkòkò, òun náà ló sì ń ba ara àwọn obìnrin wa jẹ́ nínú kíṣìnì.

Ẹ wo obìnrin tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ti jí. Ó ti wẹ ọmọ, ó ti di oúnjẹ ọmọ sínú ike, ó ti sáré lọ wọ ọkọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á gbà á lálejò lórí afárá Third Mainland, á tún gbà á lálejò ní Mile 12. Ó lè di agogo mẹ́jọ alẹ́ kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilé. Ọkọ ti dé ní tirẹ̀. Ó ti ró aṣọ mọ́dìí, ó ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ síwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ìyá Bọ́lá, káàbọ̀. Kí la fẹ́ jẹ?" Kò tíì bọ́ bàtà o!

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyókù. Yóò fọ ata, yóò rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Yóò bọ ẹran. Yóò já ẹ̀fọ́. Yóò ro àmàlà. Kí agogo tó lu mẹ́wàá, àwọn ọmọ ti sùn lọ lórí àga, yóò jí wọn, wọn óò máa fi ojú oorun jẹun. Òun fúnra rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ adùn ohun tó sè mọ́. Abọ́ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì fọ̀. Agogo mẹ́rin àbọ̀ sì ń bọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá gbé e ṣánlẹ̀, a óò ní àwọn ayé ló ń ṣe é.

"Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é," ni wọ́n máa sọ. Irọ́ ni! Àwọn ìyá wa tí ẹ ń fi orúkọ wọn lérí yìí, ṣé gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń gúnyán? Nígbà tí wọ́n bá ti oko tàbí ọjà dé tó sì ti rẹ̀ wọ́n, ọmọ ni wọ́n ń rán pé kó lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà wá lọ́wọ́ ìyá tó tan fìtílà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Iṣu sísun àti epo pupa, oúnjẹ ni. Àgbàdo sísun àti àgbọn, oúnjẹ ni. Kò sí ẹni tó pe ìyá bàbá mi ní ọ̀lẹ nítorí pé ó sun iṣu. Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwa tí a dé ìlú ńlá ni a sọ oúnjẹ ọjọ́ ọdún di ti ojoojúmọ́, tí a wá di ẹrù rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Mo máa ń rí yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nídìí ọtí. Ẹni kan á yan ẹja lórí èédú níwájú yín, á da ata àti àlùbọ́sà tútù lé e lórí, ẹ óò máa jẹ ẹ́, ẹ óò máa lá ìka. Ẹ kì í béèrè pé ṣé ó pẹ́ lórí iná. Ẹ óò sanwó, inú yín á dùn, ẹ óò tún ní kó mú ṣéńjì. Súyà ńkọ́? Ọkùnrin ló máa ń dúró nídìí iná súyà, kò sì sẹ́ni tó sọ pé ó ti sọ ọkùnrin rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó yín gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nílé lọ́jọ́ iṣẹ́, á di "ṣé oúnjẹ rèé?" Kí ni ìyàtọ̀? Èmi á sọ fún yín. Nílé, ìyà tí ẹlòmíràn jẹ lẹ fi ń díwọ̀n adùn oúnjẹ.

N kò ní dá àwọn obìnrin sí o. Àwọn ìyá ọkọ wà tó jẹ́ pé wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ìkòkò wò kí wọ́n tó kí ọmọ. Àwọn aládùúgbò wà tí wọ́n ń fi etí ka iye ìgbà tí ọmọ odó dún nílé yín. "Búrẹ́dì ni ìyàwó lágbájá ń fún un jẹ lálẹ́." Ó dáa, ta ni búrẹ́dì ti pa rí?

Ẹlòmíràn á tún ní, "Edé yíyan kẹ̀? Oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ òyìnbó." Ẹ̀rín pa mí. Ta ló ń pa edé ọ̀hún nínú omi? Àwọn Ìlàjẹ ni, létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn Ẹ̀gùn ni, ní Àgbádárìgì àti Mákòkó. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni, lórí ọ̀sà. Kí òyìnbó tó tu ọkọ̀ dé ni omi wa ti kún fún edé. Nígbà tí àwọn Potogí ń wa ọkọ̀ kiri etíkun yìí ní nǹkan bí ọdún 1472, wọ́n bá edé rẹpẹtẹ nínú odò Wouri, wọ́n bá sọ odò náà ní Rio dos Camarões, ìyẹn ni odò edé. Ibẹ̀ ni Kámẹ́rúùnù ti rí orúkọ tó ń jẹ́. Odidi orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ń jẹ́ orúkọ edé, ẹ tún ní oúnjẹ òyìnbó ni! Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil ńkọ́? Títí di òní olónìí ni wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa níbẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó edé sí i. Ẹni tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ kò gbàgbé edé, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé ló ní òtẹ́ẹ̀lì ló ni ín.

Ohun kan ṣoṣo ni alásè òtẹ́ẹ̀lì fi jù yín lọ: ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun gbé edé kúrò lórí iná.

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé. Ẹran edé kò dà bí ẹran màlúù. Ẹsẹ̀ màlúù àti ṣàkì ní iṣan líle tó ń fẹ́ iná pẹ́ títí kó tó rọ̀. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ lára edé rárá. Bí ooru bá ti kàn án, ẹran rẹ̀ á fún pọ̀. Bó bá sì pẹ́ sí i, á fún omi ara rẹ̀ jáde bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ohun tó máa kù á máa ta padà lẹ́nu bíi rọ́bà. Iná tó ń mú kí ṣàkì rọ̀, òun náà ló ń mú kí edé le. Àwa wá kó méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan, a dé e, a lọ jókòó.

Bẹ́ẹ̀, edé fúnra rẹ̀ ń bá wa sọ̀rọ̀. Ní tútù, ó rí bí eérú. Àwọ̀ pupa ti wà lára rẹ̀ látilẹ̀, ohun kan ló dè é mọ́lẹ̀, iná ló ń tú u sílẹ̀. Bó bá ti pọ́n, tí ẹran inú rẹ̀ sì funfun tí ojú kò lè là á já bíi gíláàsì mọ́, ó ti jinná. Ẹ tún wo bó ṣe ká. Bó bá ká díẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ gbé e sọ̀. Bó bá ká títí ìrù rẹ̀ fi fẹ́ pàdé ọrùn bí òrùka, ẹ ti pẹ́ jù.

Nínú ọjà ni iṣẹ́ pọ̀ sí, kì í ṣe nídìí iná. Edé tó dáa, ara rẹ̀ ń dán, ó le lọ́wọ́, orí rẹ̀ so mọ́ ara pinpin. Bí orí bá ti ń já fúnra rẹ̀, tó sì ń dúdú, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta sí imú bí ìtọ̀, ẹ má ná an, ẹ kọjá lọ, bí ìyá ẹlẹ́ja náà tilẹ̀ ń pè yín ní "kọ́sítọ́mà mi." Yìnyín ló yẹ kẹ́ ẹ bá lórí rẹ̀, kì í ṣe oòrùn. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tó jẹ́ pé èyí tó ti dì bíi yìnyín ló ń rí rà, ọ̀rọ̀ náà kàn án pẹ̀lú. Kó gbé e sínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀, láàárín ìlàjì wákàtí ó ti yọ́. Kó má fi omi gbígbóná yọ́ ọ. Bí iná ìjọba bá sì lọ tí edé yọ́ nínú fìríìsà, kó sè é lọ́jọ́ náà, kó má dúró de iná kó tún fi dì í padà. Edé gbígbẹ, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ọbẹ̀ ló ni ín, n kò bá a jà.

Ẹ rà á lọ́jọ́ Sátidé tí ààyè wà. Ẹ já orí rẹ̀, ẹ kó orí náà pa mọ́, a ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ má bó èèpo ara rẹ̀, nítorí èèpo ló ń gba iná dúró kí ẹran má baà gbẹ. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fa ìfun dúdú yẹn jáde, ẹ ṣan án. Ẹ pín in sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n tí ẹ óò jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó o sínú fìríìsà. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ gbé ọ̀rá kan sọ̀ kalẹ̀ sínú fìríìjì. Bí ẹ bá fi máa dé lálẹ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ata gbígbẹ gígún, iyọ̀, atalẹ̀ àti áyù díẹ̀ tí a gún pọ̀, òróró ṣíbí kan. Ó parí. Mo ní ó parí! Ẹ gbé horo amọ́bẹ̀dùn yẹn sílẹ̀. Edé tó dùn látinú omi wá, ẹ fẹ́ kí ó ní adùn kan náà pẹ̀lú adìyẹ, pẹ̀lú ìrẹsì, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ Ajé. Horo mẹ́ta nínú abọ́ kan! Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú nǹkan ọ̀hún, ẹ óò tún bu iyọ̀ lé e, ẹ óò wá máa wá agbo ẹ̀jẹ̀ ríru kiri. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà, ẹ mú sùúrù fún un. Bí ẹ bá fún un sára edé tí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kó tó dórí iná, kíkan rẹ̀ á ti se ẹran náà kí iná tó kàn án, á wá máa fọ́ lẹ́nu bí ìyẹ̀fun. Ìgbà tó bá kúrò lórí iná tán ni kẹ́ ẹ fún un lé e.

Ẹ kọ́kọ́ tanná sí èédú kí ẹ tó fọwọ́ kan ata. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló máa gbà kí ó tó pọ́n dáadáa kí eérú funfun sì bò ó. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé wáyà lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi igi gún edé bíi súyà, ẹ rẹ igi náà sómi fún ìlàjì wákàtí kó má baà jóná. Ìṣẹ́jú méjì, ẹ yí i, ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ńlá, mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, ẹ má gbé fóònù. Ẹni tí kò ní èédú, páànù tí wọ́n fi ń din ẹyin tó. Kó gbóná dáadáa, kí edé má gun ara wọn nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo sitóòfù kẹrosíìnì, páànù ni kó lò o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹrosíìnì ló máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kì í ṣe àwàdà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Afẹ́fẹ́ olóró ń jáde lára èédú tó ń jó, kò ní òórùn, ojú kò rí i, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú. Páànù ni tọjọ́ òjò.

Kí lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́? Bọ̀ọ̀lì wà ní títì, ẹ rà á bọ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀ nílé, ẹ po epo pupa díẹ̀ mọ́ ata fún un. Ẹ̀kọ tútù dára. Búrẹ́dì Àgége dára. Ẹ gé tòmátì àti àlùbọ́sà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti tanná títí dìgbà tí ẹ ń jẹun, kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ pé èédú lẹ ń dúró dè, ẹ lè wẹ̀ níbẹ̀.

"Edé wọ́n." Òótọ́ ni, ó wọ́n. Lára èyí tó tóbi tó sì dára jù, inú yìnyín ni àwọn ọkọ̀ ńlá apẹja ń kó o sí, ó di ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn òyìnbó ń yan án níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, wọ́n ń jẹ ẹ́ tán, àwa sì wà níbí tí a ń se ìyókù títí á fi di rọ́bà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní èyí tó tó ọwọ́ ọmọdé ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó wà láàárín, mẹ́jọ mẹ́jọ fún àgbà, ó tó. N kò sì sọ pé ojoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò burú. Láwọn ọjọ́ yòókù, ẹja títùs ń bẹ, ó fẹ́ ìṣẹ́jú bíi mélòó kan sí i lórí èédú kan náà. Ẹ tún bá mi ṣírò owó gáàsì tí wákàtí méjì ń jẹ lálẹ́, owó ata, owó òróró, owó ẹran. Àárẹ̀ obìnrin nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í kọ mọ́ ìṣirò náà.

Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba edé rárá. Ètè wọn á wú, ara á máa yún wọn, èémí lè fẹ́ dá. Ẹ má sọ fún irú wọn pé àṣejù ni, ẹ má bù ú fún un ní kọ̀rọ̀ láti fi dán an wò. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ bó bá ti ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tó máa yan án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ni. Bí bàbá ló kọ́kọ́ dé, bàbá ni. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá wà nílé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kọ́ ọ. Ẹ má sọ fún mi pé ọwọ́ ọkùnrin kò gba ìdí iná. Mo ti rí yín pẹ̀lú ewúrẹ́ ọdún Iléyá àti tàkúté ìgbẹ́, ẹ kò ké pe ìyàwó láti wá bá yín fẹ́ná nígbà yẹn.

Orí edé tí mo ní kí ẹ kó pa mọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ sè é nínú omi fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi rẹ̀ ro ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ Sunday tí ààyè wà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti mọ ẹni tó máa já ẹ̀fọ́ náà.